Gbogbo Bàtà Kọjú Sẹ́nu Ọ̀nà

Ojú kan ṣoṣo ló rí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú Ṣeunfúnmi sì ni. Kò sẹ́lòmíì. Àwọn tó yẹ kó rí i wà nínú mọ́ṣáláṣí, wọ́n forí kanlẹ̀. Àwọn tó wà níta, ọjà wọn ni wọ́n ń tà. Ọlọ́run nìkan ló bá a rí i, Ọlọ́run ò sì ní wá kọ sítéétímẹ́ǹtì ní tẹ́ṣàn.

Orí òrùlé ilé alájà méjì kan ní Baruwa ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, tó ń de páńẹ́ẹ̀lì sólà. Òrùlé náà ga débi pé àwòdì ń fò kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Oòrùn mú débi pé sípánà ń rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ bí iṣu tó jinná jù. Ẹni méjì ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn, òun nìkan ló ń ṣe é, ó tún ń kọrin sí i.

Ẹ ti máa mọ irú ẹni tó jẹ́ báyìí. Láti Baruwa títí dé Ìpájà, òfin kan wà lórí ọ̀rọ̀ Ṣeunfúnmi: kó o tó gbà á, pín in sí mẹ́wàá. Tó bá ní òun jẹ ẹyin ogún láàárọ̀, méjì ló jẹ. Tó bá ní obìnrin mẹ́wàá ń wá òun kiri, ọ̀kan ni, ìyẹn náà sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ló ń bi í. Tíṣà Matilda, tó kọ́ ọ ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì, ló dá òfin náà sílẹ̀. Ṣeunfúnmi pẹ́ dé kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní ọkọ̀ mẹ́wàá ló forí sọra ní ibùdókọ̀ Pleasure. Tíṣà kọ mẹ́wàá sójú pátákó, ó fi mẹ́wàá pín in, ó ní, "Ó ku ọ̀kan. Lọ jókòó." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àtìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń pín in, inú ẹ̀ sì ń dùn sí i. Ẹni tó ní púpọ̀ ni wọ́n máa ń pín nǹkan ẹ̀, àbí?

Ọmọ Èkìtì ni Tíṣà Matilda, ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Olúwatómisìn, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Tómisìn ní ọ́tísíìmù. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe èpè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti pè é. Bí wọ́n ṣe dá a ni pé ariwo máa ń gún un bí abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí nǹkan búlúù kan fi máa ń wà létí ẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń lagi máa ń fi bo etí. Kì í wo ojú èèyàn. Kì í fẹ́ kí wọ́n ṣàdédé fọwọ́ kan òun. Tí wọ́n bá sì bi í ní nǹkan nígbà tí àyà ẹ̀ ń já, ìparí ìbéèrè yẹn ló máa dá padà fún wọn. Wọ́n á ní, ṣé o ti jẹun? Á ní, jẹun. Ó sì lè má tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀.

Àmọ́ tó bá di ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni òun àti ìyá ẹ̀ ń lọ, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà ò gbọdọ̀ wọ bàtà. Ẹnu géètì ni wọ́n máa ń bọ́ ọ sí. Iṣẹ́ bàtà yẹn ni Wòlíì gbé lé Tómisìn lọ́wọ́. Á tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí, kékeré á ṣíwájú, ńlá á tẹ̀ lé e, imú gbogbo wọn á kọjú sẹ́nu ọ̀nà, kó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe ń jáde, ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn máa wọlé ni. Gbogbo ìjọ ló ń yìn ín. Ìyá àgbà tó tọ́ Ṣeunfúnmi dàgbà ń lọ síbẹ̀ náà, ó sì máa ń mú un dání. Àìmọye ìgbà ni Tómisìn ti bá Ṣeunfúnmi to bàtà tiẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn gbàgbé láti sọ fún Tómisìn ni pé iṣẹ́ náà ò kọjá géètì ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Tíṣà Matilda mú un dání lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó ń rán sùtánà tuntun fún un. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà ò ju ilé mẹ́ta lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tíṣà wọlé lọ wọ aṣọ náà wò, Tómisìn dúró síta nítorí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ló bá gbójú sókè, ó rí bàtà.

Bàtà tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí yẹn lè dí odò Ògùn. Sílípáàsì gun sáńdáàlì, sáńdáàlì gun bàtà aláwọ, òmíì dojú dé, òmíì ti bọ́ lọ́dọ̀ èkejì ẹ̀. Lójú Tómisìn, àfi bí ìgbà tí ilé ń jó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tò ó. Nígbà tí iwájú ilé ò gbà á mọ́, ó ń fọwọ́ méjèèjì gbá wọn mọ́ra, ó ń kó wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí níbi tí sìmẹ́ǹtì wà, ó ń tò wọ́n síbẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀.

Látorí òrùlé, Ṣeunfúnmi rí gbogbo ẹ̀, ó sì yé e yékéyéké. Kò sí ohun tó rú u lójú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ibẹ̀ ni èṣù ẹ̀fẹ̀ ti gbé e. Bí wọ́n ṣe kírun tán nínú mọ́ṣáláṣí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó figbe ta pé wọ́n ti kó bàtà wọn lọ o. Kì í ṣe pé ó ní ẹnikẹ́ni sínú. Ó kàn fẹ́ rí bí àwọn Alhaji ṣe máa fẹsẹ̀ lásán fò lórí ilẹ̀ gbígbóná ni, wọ́n sì fò. Agbádá ń gbá afẹ́fẹ́, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò bíi ti adìyẹ tó tẹ eérú gbígbóná. Fún ìṣẹ́jú kan, kò sí ohun tó dùn tó o láyé.

Wọ́n bá rí Tómisìn, pẹ̀lú bàtà mẹ́rin láyà.

Wọ́n yí i ká. Ẹnì kan fa nǹkan búlúù etí ẹ̀ yọ, ó jábọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé òun ló jí bàtà àwọn, ó ní, "Jí bàtà." Wọ́n ní ẹ ò rí i, ó jẹ́wọ́. Sájẹ́ǹtì Charles tó wà ní oríta rìn wọ àárín wọn, ó di apá Tómisìn mú. Tómisìn kígbe bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí, ó ju ọwọ́, ọwọ́ náà gbá fìlà Sájẹ́ǹtì sínú gọ́tà. Ọ̀rọ̀ wá di méjì: olè ni, ó tún lu ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè. "Ìwọ tó wà lókè yẹn, ìwọ lo pariwo. Kí lo rí?"

Gbogbo èrò gbójú sókè pẹ̀lú ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ṣeunfúnmi, ojú tó pọ̀ tó báyìí ò tíì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà rí. Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀, ó kúrú: ó ń bá yín tò ó ni. Àmọ́ ohun tó kúrú ò tó o rí. Ó fẹ àyà lórí òrùlé, ó ní wọ́n pọ̀, sà, wọ́n tó mẹ́wàá, àwọn yòókù ti gbé àpò bàtà gba ẹ̀yìn lọ, eléyìí ni olórí wọn.

Ó rò pé wọ́n máa pín in. Wọ́n á fi mẹ́wàá pín mẹ́wàá, á ku Tómisìn nìkan, gbogbo ayé á rẹ́rìn-ín, òun á wá sọ òótọ́ tó kù fún wọn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Sájẹ́ǹtì Charles ò tíì lo oṣù kan ní àgbègbè náà. Kò sẹ́ni tó sọ òfin pípín fún un. Àwọn tó sì mọ òfin náà láàárín èrò, bàtà wọn ni wọ́n ń wá. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n ti Tómisìn sẹ́yìn ọkọ̀, igbe ẹ̀ ń dún títí ọkọ̀ náà fi yà ní oríta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Tíṣà Matilda jáde látọ̀dọ̀ télọ̀. Sùtánà tí wọn ò tíì rán tán wà lọ́rùn ẹ̀, abẹ́rẹ́ sì wà ní ìṣẹ́tí ẹ̀. Kò wọ bàtà. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he nǹkan búlúù tó fọ́ nílẹ̀, ó yí i wò. Ó bá rí i pé èèyàn kan wà lórí òrùlé, ó fọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó ké sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ bá mi wo ọmọ mi."

Ṣeunfúnmi lọ sẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì, ó lóṣòó síbẹ̀, ó di ẹnu ẹ̀ mú. Ó gbọ́ nígbà tí Tíṣà tún pè. Lẹ́ẹ̀kejì ni ohùn náà ti gbọ̀n.

Kò pẹ́ ni ẹnì kan pariwo ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí pé bàtà rèé o. Gbogbo ẹ̀ pé, wọ́n tò gbọọrọ, olúkúlùkù rí tiẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Bàbá kan ní àwọn olè ayé ìsinsìnyí ní àfarabalẹ̀ gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò yà ní tẹ́ṣàn lọ sọ pé òun ti rí bàtà òun.

Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló kù fún Ṣeunfúnmi láti dè. Kò de ìkankan. Ó lo wákàtí méjì lórí òrùlé yẹn, kò kọrin. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù pé wọ́n ti mú olórí àwọn ọlọ́ṣà bàtà, pé Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbé e lọ kóòtù, kó tó dìgbà yẹn ó máa dárúkọ àwọn mẹ́sàn-án yòókù, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ṣeunfúnmi mọ bí wọ́n ṣe máa ń bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn. Ó tún mọ ẹni tó bí àwọn mẹ́sàn-án náà.

Ó gbéra, ó forí lé tẹ́ṣàn. Lójú ọ̀nà, ó ń múra ohun tó máa sọ sílẹ̀, gbogbo bó sì ṣe ń tún un tò, òun náà ló ń di akọni inú ẹ̀. Ìgbà tó rí Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì ni gbogbo ẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Tíṣà jókòó níwájú káńtà nínú sùtánà aláàbọ̀ yẹn, nǹkan búlúù tó fọ́ wà lórí itan ẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn wá. Wọn ò tíì rán aṣọ náà tán, àmọ́ ó wà lọ́rùn ẹ̀, kò sì jẹ́ fi bàtà kàn án. Ọ̀dà títì ti dúdú mọ́ ọn látẹ́lẹsẹ̀.

Bó ṣe rí Ṣeunfúnmi, ojú ẹ̀ tàn. "Ṣeunfúnmi, ọmọ mi. Ta ló sọ fún ẹ? O ṣeun tó o wá."

Ká ní ilẹ̀ lè lanu ní tẹ́ṣàn, inú ẹ̀ ni ì bá kó sí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Cecilia ló wà nídìí káńtà. Ó ti ń ṣàlàyé fún Tíṣà pé òun gbọ́ gbogbo ohun tó sọ nípa ọ́tísíìmù, àánú sì ṣe òun, àmọ́ ọmọ ti jẹ́wọ́ ná. Wọ́n bi í pé ṣé ó jí i, ó ní jí i. Wọ́n bi í pé ṣé wọ́n pọ̀, ó ní wọ́n pọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹlẹ́rìí kan wà lórí òrùlé tó fojú ara ẹ̀ rí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ṣeunfúnmi ní, "Èmi lẹni orí òrùlé, mà."

Kò lè wo Tíṣà. Káńtà ló ń wò. Ó ní kò sí mẹ́wàá. Kò sí àpò. Ọmọkùnrin yẹn ń to bàtà bó ṣe ń tò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun sì mọ̀ láti ìgbà tó ti gbé bàtà àkọ́kọ́. Òun ló pariwo, nítorí òun fẹ́ rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì Charles jáde láti inú yàrá kan, ó ní ṣé kì í ṣe ẹnu yìí náà ló sọ mẹ́wàá lọ́sàn-án ni, èwo ni kí àwọn gbà nínú ẹnu méjì. Ọlọ́pàá kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Goodluck, Baruwa ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bó ṣe rí Ṣeunfúnmi ló ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Màdáámù, ẹ má dá eléyìí lóhùn. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀, a máa ń pín in sí mẹ́wàá ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó sọ lọ́sàn-án àti èyí tó ń sọ báyìí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òun, kí Ṣeunfúnmi máa lọ, kí kóòtù pín in fún ara wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ti fẹ́ dìde.

Tíṣà Matilda ló kọ́kọ́ dìde. Kò pariwo. Ẹ̀ka èdè Èkìtì ló máa ń bọ́ sí tínú bá ń bí i, àmọ́ kò bọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Ohùn kíláàsì ló lò.

"Ṣeunfúnmi, dúró dáadáa. Olè mélòó lo rí?"

"Òdo, mà."

"Bàtà mélòó ló jí?"

"Òdo, mà."

Ó yíjú sí Ìnsípẹ́kítọ̀. "Màdáámù, ẹ bá mi pín òdo sí mẹ́wàá."

Goodluck gbójú sílẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí Goodluck lọ mú ọmọ náà wá síwájú òun.

Goodluck lọ, kò padà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti ké sí Ìnsípẹ́kítọ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó wá wo nǹkan kan. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ tì mọ́lé máa ń bọ́ bàtà ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì. Òkìtì ni wọ́n máa ń jù ú sí, bí ìdọ̀tí. Wọn ò tíì ti Tómisìn mọ́ inú ilé nítorí igbe ẹ̀ ń da àwọn tó wà nínú láàmú, wọ́n ní kó jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Kò ké mọ́. Òkìtì náà ò sí mọ́. Bàtà ẹni méjìlá ló tò sẹ́bàá ògiri, kékeré ṣíwájú, ńlá tẹ̀ lé e, àlàfo wọn dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tiẹ̀ ló fi ṣe ìkẹtàlá, sípò tí ìwọ̀n ẹ̀ bọ́ sí. Gbogbo wọn kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan, tí kò mọ̀gbà tó máa jáde. Tómisìn ti múra ìjáde ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn tó wà nínú dì mọ́ irin, wọ́n ń wo bàtà wọn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Cecilia bi Sájẹ́ǹtì pé ṣé báyìí ni bàtà tí wọ́n bá ní mọ́ṣáláṣí ṣe tò. Sájẹ́ǹtì ní òun ò yẹ̀ ẹ́ wò, pé fìlà òun ni òun ń yọ nínú gọ́tà. Ojú tì í, ó hàn, àmọ́ tiẹ̀ ò tó ti Ṣeunfúnmi.

Wọ́n gba sítéétímẹ́ǹtì tuntun. Ìlà kan àtààbọ̀ ni Ṣeunfúnmi kọ, òun sì ni ohun tó kúrú jù tó ti sọ láyé ẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ fa ti àkọ́kọ́ ya, ó ní kí Tíṣà fọwọ́ síwèé kó máa mú ọmọ ẹ̀ lọ. Ó wá yíjú sí Ṣeunfúnmi. Ó ní ẹni tó bá fi irọ́ rán ọlọ́pàá níṣẹ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, pé kó sun ibẹ̀ mọ́jú kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan. Ṣeunfúnmi ò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà ẹ̀, ó bọ́ ọ. Ọ̀kan ṣubú síhìn-ín, ìkejì yí lọ sọ́hùn-ún. Wọ́n tì í wọlé.

Tíṣà Matilda wá síbi irin kó tó lọ. Ṣeunfúnmi rò pé ó máa bú òun, ó tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èébú máa ń tán nílẹ̀.

Tíṣà ní, "Mo ké sí ẹ látìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. O ò dá mi lóhùn."

Ó yí padà lọ síbi káńtà, ó lọ fọwọ́ síwèé. Goodluck bá a lọ. Àwọn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ti padà síbi tí wọ́n sùn sí. Tómisìn nìkan ló kù níta irin. Ó ti wọ bàtà ẹ̀, ó yẹ kó máa lọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó he bàtà Ṣeunfúnmi tó wà níhìn-ín, ó he èyí tó wà lọ́hùn-ún, ó fọwọ́ nu eruku òrùlé kúrò lára wọn. Ó gbé wọn wọ̀n mọ́ àwọn yòókù, ó sún mẹ́ta sẹ́yìn díẹ̀, ó fi wọ́n sáàárín, síbi tó tọ́ sí wọn gan-an. Ó yí imú wọn sẹ́nu ọ̀nà. Kò wo ojú Ṣeunfúnmi, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣe é, ó sì tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ jáde. Ká ní ó tutọ́ sí i lójú ni, Ṣeunfúnmi ì bá ti sùn lóru ọjọ́ náà.

Ó jáde lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn wọlé ni. Àtìgbà yẹn ló ti ń sọ ọ́ kiri Baruwa, àwọn èèyàn sì ń pín in. Wọ́n ní bàtà kan péré ni Tómisìn tò, wọ́n ní òmíì nínú ẹ̀ Ṣeunfúnmi lá a lálàá ni. Wọ́n ní ẹni tó purọ́ mọ́ èèyàn, ta ni í bá a to bàtà.

Ó dáa. Òrùlé yẹn ò ga tó bẹ́ẹ̀, àwòdì kankan ò kí i. Sípánà ò rọ̀. Bàtà tó wà ní mọ́ṣáláṣí ò lè dí gọ́tà, ká má tíì dárúkọ odò Ògùn. Ẹ pín gbogbo ìyẹn bó bá ṣe wù yín. Àmọ́ bàtà méjìlá ló wà lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì yẹn, ti Ṣeunfúnmi ló di ìkẹtàlá lẹ́yìn tí Tómisìn mú tiẹ̀ lọ, ọwọ́ Tómisìn ló sì fi í síbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló rí i. Èyí, ẹ má fi ohunkóhun pín in. Ẹ gbà á gbọ́.